Ọjọ́ Mọ́kànlá Tí Mo Fi Panu Mọ́

Eṣinṣin ni mo kọ́kọ́ kórìíra ní Ìgándò nílùú Èkó, kí n tó wá kórìíra òórùn. Òórùn ṣì máa ń fún èèyàn láyè díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, a ó mí kanlẹ̀. Eṣinṣin kò ní àsìkò. Á bà lé ojú egbò, á gbéra níbẹ̀, á bà lé ẹnu ife, á gbéra níbẹ̀, á bà lé ètè ọmọ tó sùn. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, mo ṣí ìkòkò ìrẹsì tí mo fọwọ́ ara mi sè, mo bá eṣinṣin mẹ́ta tó ti kú sínú rẹ̀. Mo gbé ìkòkò náà, mo da gbogbo rẹ̀ nù. Obìnrin tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tèmi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wò mí.

"Àǹtí, ẹ ò bá ti yọ wọ́n kúrò," ó ní. "Torí eṣinṣin mẹ́ta? Ẹ máa da oúnjẹ nù títí ládùúgbò yìí o."

Ìyá Máyọ̀wá nìyẹn. Ará Èkìtì ni, aránṣọ ni, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sókè Ọya, ó sì lè lo oṣù kan gbáko kó tó wálé. Wọn kò tíì bí Máyọ̀wá nígbà yẹn, "Ìyàwó" ni gbogbo ilé ń pè é.

Ààtàn ńlá kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa, ó ga ju ilé alájà méjì lọ. Tí òjò bá ti rọ̀, omi dúdú kan á máa sun jáde lábẹ́ rẹ̀, á máa yọ̀ bí omi aró, á gba ojú gọ́tà kọjá lẹ́yìn ilé wa. Àwọn ará àdúgbò kì í wò ó mọ́. Wọ́n á fò ó kọjá pẹ̀lú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wọn tàbí ti mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò ní dá dúró. Èmi ò lè ṣíwọ́ wíwò ó. Mo máa ń fi gèlè bo imú, wọ́n á sì máa fi mí ṣe ẹ̀rín.

Bí mo bá ní ìlú òkèèrè ni mo wà, àwọn èèyàn máa ń rò pé mò ń ṣàwàdà. Kétu ni wọ́n bí mi sí, lódìkejì ààlà, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọmọ Odùduwà ni Alákétu, bí Aláàfin ṣe jẹ́. Yorùbá ni ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún. Ṣùgbọ́n Faransé ló kọ́ bàbá mi níwèé, Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ bàbá tiwọn, ìyẹn nìkan sì ti tó láti sọ mí di àjèjì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ ra ata ní Ìkòtún, obìnrin tó ń tà á pe ẹnìkejì rẹ̀: "Ẹ wá gbọ́ bí eléyìí ṣe ń sọ Yorùbá, bíi bàbá àgbà!" Ẹnìkejì fetí sí mi, ó mi orí. "Ará Kútọnu ni." Láyé mi, mi ò dé Kútọnu ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.

Àwọn ọmọdé àdúgbò ló wá fún mi lórúkọ tí gbogbo ilé gbà: Àǹtí Bọ́ńjúù.

Iṣẹ́ tí mo rí ni kíkọ́ àwọn ọmọ lédè Faransé nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, láàárín ṣọ́ọ̀ṣì kan àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀kùn onírin. Obìnrin tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà, Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́jọ́ tó gbà mí síṣẹ́, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ṣé o ti dé Paris rí?"

"Rárá, mà."

"O ti débẹ̀ láti òní lọ. Tí òbí kankan bá bi ọ́, Paris lo ti kàwé. Ta ló fẹ́ kí ọmọ ẹ̀ máa sọ Faransé àwọn tó ń ta mọ́tò tòkunbọ̀?"

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Títí di òní, tí mo bá rántí ẹ ṣé yẹn, ó máa ń rí mi lára. Bàbá mi ló kọ́ mi ní Faransé, lábẹ́ igi máńgòrò, pẹ̀lú ẹfun àti pátákó ilẹ̀kùn àtijọ́. Mo gbé bàbá mi jù sẹ́yìn, mo mú Paris.

Lẹ́yìn ọdún kan ni èmi náà rí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti máa kàwé. Mo ti kàwé nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ nílé kí n tó wá, mo sì ti ń wá bí mo ṣe máa tẹ̀ síwájú. Yunifásítì kan lókè òkun gbà mí fún oyè máásítà nínú ìdàgbàsókè àgbáyé àti ètò ìlú. Ẹ̀kọ́ àdàpọ̀ ni: èyí tó pọ̀ jù á jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, a ó máa wo fídíò, a ó máa kàwé fúnra wa, a ó pàdé lórí ẹ̀rọ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé; lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a ó jókòó lójúkojú fún ọ̀sẹ̀ kan ní ìlú tí wọ́n bá yàn. Bí mo ṣe ka lẹ́tà náà tán, mo fò sókè débi pé Alhaja onílé wa sáré jáde, ó rò pé ejò ni.

Alhaja, ará Ògbómọ̀ṣọ́, opó ni. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ilé náà, yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn, òun náà ló gbẹ́ kànga tó wà láàárín agboolé. Omi kànga yẹn ni gbogbo wa fi ń wẹ̀, ni a fi ń fọṣọ, ni a fi ń se oúnjẹ. Píọ̀ wọ́tà ni èmi máa ń rà fún mímu nítorí pé omi kànga máa ń dà bí ìṣó lórí ahọ́n mi. Àwọn yòókù ń mu ún.

Sátidé àkọ́kọ́, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó dára jù, mo tan kọ̀ǹpútà. Ojú bíi ogún yọ lórí ẹ̀rọ. Olùkọ́ wa, obìnrin kan tó ní ohùn jẹ́jẹ́, ní kí kálukú sọ ibi tó wà. Nígbà tó kàn mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní "Ìgándò" ni eṣinṣin kan bà lé ojú kámẹ́rà mi. Lójú gbogbo wọn, ó tóbi tó orí èèyàn. Ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀ ní sùúrù. Ẹnì kan pariwo. Obìnrin kan láti ìlú oníyìnyín, Hanna, rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀ mí ó tó ìgbà márùn-ún pé kí n má bínú. Olùkọ́ ní eṣinṣin náà ti kọ́ wa ju ìwé lọ. Gbogbo wọn mirí. Mo pa kámẹ́rà. Mi ò tún tàn án fún oṣù méjì.

Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà, mi ò ní purọ́. Mo kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán ilẹ̀, bí omi ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ tí a kò rí i, bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀nà gba ibi tí àwọn tí kò lẹ́nu ń gbé. Ohun tó máa ń kó mi nírìíra ni bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Àwọn tí kò fa omi nínú kànga rí láyé wọn á máa sọ̀rọ̀ nípa kànga wákàtí méjì, ohùn wọn á máa dùn, wọ́n á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, mo máa ń gbé korobá jáde lọ síbi kànga gan-an, bí ẹni pé ayé méjì ni mo ń gbé, ilẹ̀kùn kan ló sì là wọ́n.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Èkó ni wọ́n yàn fún ọ̀sẹ̀ ojúkojú. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Erékùṣù ni a ti jókòó. Wọ́n pín wa ní méjì méjì fún iṣẹ́ ìwádìí, Hanna sì mú mi. Obìnrin dáadáa ni, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fetí sílẹ̀, ó máa ń kọ ohun tí mo bá sọ sínú ìwé kékeré kan. Èmi ni mo dábàá pé kí a ṣe é lórí omi àdúgbò mi. Mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé mo mọ nǹkan kan tí wọn kò mọ̀. Nítorí náà, ní Ọjọ́bọ̀, bọ́ọ̀sì kan tó ní ẹ̀rọ amúlétutù gbé ogún akẹ́kọ̀ọ́ wá sí òpópónà wa.

Kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti fi ìbòmú bo imú. Alhaja ti gbálẹ̀ láti àárọ̀, ó ti wọ léèsì. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ń ya àwòrán ohun gbogbo: ààtàn, gọ́tà, kànga, Ìyá Máyọ̀wá tó ń pọn omi, èmi náà níwájú ilẹ̀kùn mi. Alhaja fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi nígbà tí ó yá.

"Ṣé wọ́n á bá wa kó ààtàn yìí lọ ni?"

"Rárá, mà. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n wá kọ́."

"Ẹ̀kọ́ kí ni? Lára wa?"

Èmi àti Hanna bu omi sínú ìgò mẹ́fà: ti kànga wa, ti kànga mẹ́rin mìíràn ní òpópónà náà, àti ti ẹ̀rọ omi tí wọ́n gbẹ́ jìn gan-an ní mọ́ṣáláṣí tó wà lókè, níbi tí òpópónà ti jìnnà sí ààtàn. A gbé wọn lọ sí ilé àyẹ̀wò. Hanna padà sí ìlú rẹ̀, èmi padà sí yàrá mi.

Èsì dé ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdé kan, mo wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́. Mo kà á lórí fóònù. Kànga máràrùn-ún ló bàjẹ́. Ìgbẹ́ wà nínú wọn. Òjé sì wà nínú wọn, òjé tó ń bọ̀ láti inú bátìrì àti irin tó ń jẹrà lábẹ́ ààtàn. Kànga wa ló sì burú jù. Mo ti kà nípa òjé nínú ẹ̀kọ́ wa. Ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bá jà. Téèyàn bá se omi náà títí ilẹ̀ fi ṣú, òjé rẹ̀ kò ní lọ. Omi mọ́ṣáláṣí nìkan ló mọ́.

Mo kọ̀wé sí olùkọ́ wa lọ́jọ́ kan náà. Ó dáhùn kíákíá, ó ní iṣẹ́ ribiribi la ṣe. Ó wá ní ká má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò, kí jìnnìjìnnì má baà bá wọn, kí wọ́n má baà lọ mu omi tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Oṣù méjì, ó lè tó mẹ́ta. Ẹni tó bá tẹ òfin náà lójú, iṣẹ́ rẹ̀ lè di òfo. Hanna fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: "Jọ̀ọ́, ká ní sùúrù. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí."

Mo ní sùúrù. Mo fẹ́ gba oyè mi. Ní gbogbo àárọ̀, mo ń kí Ìyá Máyọ̀wá, ó ń kí mi. Máyọ̀wá ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ó ti ń jókòó, ó máa ń na ọwọ́ sí mi, mo máa ń gbé e, mo máa ń sọ "bọ́ńjúù" sí i létí, á bú sẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi píọ̀ wọ́tà se oúnjẹ tèmi. Mo máa ń tú u sínú ìkòkò nínú yàrá, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, kí wọ́n má baà rí mi. Mo ti kórìíra eṣinṣin, mo ti kórìíra omi dúdú inú gọ́tà, ṣùgbọ́n ohun tó ń ti ilẹ̀kùn láti fi omi mímọ́ se ìrẹsì yẹn burú ju gbogbo wọn lọ, èmi sì ni.

Lọ́jọ́ kọkànlá, mo jáde láàárọ̀, mo bá Ìyá Máyọ̀wá níbi tó ti ń po ògì ọmọ. Ó ti se omi kànga, ó ń hó yaya. Ó fi ṣíbí tọ́ ọ wò kí ó má baà jó ọmọ lẹ́nu, ó fẹ́ ẹ, ó wá na ṣíbí sí Máyọ̀wá. Ọmọ náà la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ.

Mo gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé? Àǹtí, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, lórí ìdúró, pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó gbá a mọ́ra.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ó di ọjọ́ mọ́kànlá lónìí."

"Ọjọ́ mọ́kànlá." Ó wo ojú mi bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù níbẹ̀. "Àná ńkọ́? Àná, ṣebí ẹ gbé e jó nínú yàrá yìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ náà, gbogbo ilé ti gbọ́. Alhaja dúró lẹ́bàá kànga, àwọn ayálégbé yí i ká.

"Ìwọ!" ó ní. "Ìwọ ará Kútọnu! Mo gbà ọ́ sílé láìbéèrè onídùúró, o lọ kó òyìnbó wá yẹ ilé mi wò, o wá ní kànga ọkọ mi ń pa èèyàn? Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ọkọ mi fi gbẹ́ ẹ! Ta ló máa gba yàrá nílé yìí mọ́?"

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ìwé wà tí —"

"Má fi ìwé kankan hàn mí jàre! Kí oṣù yìí tó parí, kó ẹrù ẹ."

Kò sí ẹni tó bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan. Lọ́jọ́ yẹn ni mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Èkìtì, ará Ìbàdàn, ará Ọ̀yọ́. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tí wọ́n sin ìwọ́ bàbá àgbà rẹ̀ sí Ìgándò. Gbogbo Àlímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ wa, kún fún àwọn tó fi ibì kan sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ burú, èmi nìkan ni àlejò. Mo tún wá bi ara mi pé, ta ló sọ mí di àlejò jù? Ará ilé kì í mọ̀ pé májèlé wà nínú ìkòkò kó máa wo àwọn tó ń jẹun.

Mo pe bàbá mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń rọra bọ̀, bíi pé ó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Kétu. Mo sọ fún un pé wọ́n lé mi nílé, pé mo sì lè pàdánù ìwé mi.

"Kí lo ní wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀?"

"Ètò ìlú, Bàbá. Bí ìlú ṣe lè dáa."

"A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ," ó ní. "Sọ̀rọ̀ fún wọn, o ti sọ ọ́, ó pẹ́ ṣùgbọ́n o ti sọ ọ́. Omi dà? Ṣé ọ̀rọ̀ ni wọn yóò máa mu?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi, nítorí pé òótọ́ ni. Ìyá Máyọ̀wá gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní òjé ti wà nínú rẹ̀, kò tíì pọ̀, kí ó má fún un lómi yẹn mọ́, kí ó sì máa gbé e wá. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ra píọ̀ wọ́tà fún ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ṣì ń mu omi kànga. Mo rí i. Mo gbé àpò píọ̀ wọ́tà kan síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó gbé e padà síwájú tèmi.

Mo fa ìwé ńlá kan yọ, mo ya òpópónà wa sí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo fi ààtàn sí ìsàlẹ̀, mo fi kànga máràrùn-ún síbi tí wọ́n wà, mo fi mọ́ṣáláṣí sókè. Mo wọn ìrìn láti ẹnu ilé kọ̀ọ̀kan dé ògiri mọ́ṣáláṣí. Kò jìnnà. Bí wọ́n bá lè fa páìpù gba ara ògiri jáde, kí wọ́n fi ẹnu ẹ̀rọ síta, omi tó mọ́ yóò wà fún gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ta ni èmi tí mo máa lọ bá Imáàmù? Mo ká ìwé náà, mo gbé e sórí àpótí.

Lọ́jọ́ kẹrin tí Alhaja ti lé mi, ó kanlẹ̀kùn. Kò wọ léèsì, kò wé gèlè. Ó jókòó sí etí ibùsùn mi.

"Mú ìwé àyẹ̀wò yẹn wá. Kà á fún mi ní Yorùbá. Má fo nǹkan kan o."

Mo kà á. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Nígbà tí mo parí, ó ń wo ilẹ̀.

"Ọkọ mi mu omi yẹn fún ọdún méjìlá. Inú ló ń rùn ún kó tó kú. Ṣé omi yẹn ló pa á?"

"Mi ò mọ̀, mà. Ìwé yìí ò lè sọ."

"O ò mọ̀." Ó mi kanlẹ̀. "Ó tẹ́ mi lọ́rùn pé o sọ pé o ò mọ̀. Àwọn yòókù á ti purọ́ fún mi."

Nígbà náà ni mo fa àwòrán òpópónà náà jáde. Mo fi ìka tọ́ ọ sọ́nà láti ilé rẹ̀ dé mọ́ṣáláṣí. Ó wò ó títí. Mo ti gbàgbé pé òun ni olórí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí náà. Tàbí ká sọ pé mi ò kà á sí rí, nítorí pé kò sí nínú ohun tí wọ́n ní ká kọ sílẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti jókòó níwájú Imáàmù, èmi pẹ̀lú ìbòrí tí Alhaja yá mi. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wọn ní omi àlùwàlá kò yẹ kó di omi ọjà. Àwọn kan ní àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà á fẹ́ pọn níbẹ̀. Alhaja dìde.

"Òùngbẹ ò mọ ṣọ́ọ̀ṣì," ó ní. "Tí ẹ ò bá fà á, a ò ní wá gbálẹ̀ ibí yìí mọ́. Ẹ máa gbá a fúnra yín."

Wọ́n fà á. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnu ẹ̀rọ méjì ló yọ sára ògiri mọ́ṣáláṣí, wọ́n máa ń ṣí i lẹ́yìn ìrun àárọ̀ àti lẹ́yìn ìrun Alásàárì nírọ̀lẹ́. Alhaja fi páànù bo kànga ọkọ rẹ̀, ó fi òkúta lé e. Kò sọ̀rọ̀ nípa kíkó ẹrù mi mọ́, èmi náà ò bi í. Ààtàn ṣì wà níbẹ̀, omi dúdú ṣì ń sun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo tò sí ìlà pẹ̀lú korobá, obìnrin kan tó wà níwájú mi yíjú padà, ó ní, "Àǹtí Bọ́ńjúù, ẹ bọ́ síwájú." Mo kọ̀, mo dúró sí àyè mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà, òbí kan bi mí ní Ẹ̀gbẹ́dá níbo ni mo ti kọ́ Faransé tó dán báyìí, Mọ́mì sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Kétu ni, sà. Bàbá mi ló kọ́ mi." Mọ́mì fi ojú gún mi. Ọkùnrin náà ní ìyá ìyá òun, ará Kétu ni.

Mo kọ̀wé sí olùkọ́ wa, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Ìgbìmọ̀ pè mí lórí ẹ̀rọ. Wọ́n béèrè ìdí tí n kò fi dúró. Mo ní ọmọ náà ò lè dúró. Wọ́n gé máàkì mi kù sí èyí tó kéré jù téèyàn fi lè yege. Hanna gba èyí tó ga jù. Kò bá mi jà, kò sì gbèjà mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀ ti tán.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ló fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ayọ̀ ńlá. Yunifásítì ti tẹ ìròyìn àwọn ìwádìí wa jáde. Lójú ewé àkọ́kọ́, Ìyá Máyọ̀wá ni, korobá lórí, ọmọ lẹ́yìn, kànga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oòrùn bà á níwájú, ó lẹ́wà.

Ìgbà yẹn, ó ti ń dá mi lóhùn díẹ̀díẹ̀. Mo mú fóònù lọ bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó gbà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó rí ara rẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. "Wọ́n ní, 'Ìfaradà: ìyá kan ní Èkó.'"

Ẹ̀rín náà lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ta ló sọ fún wọn pé mo fara dà á?"

Ó tún wo àwòrán náà.

"Ṣé ẹnì kan bi mí ni? Mò ń pọnmi fún ọmọ mi, wọ́n yà mí, wọ́n wá ní mo fara dà á. Mi ò fara dà á o. Mi ò níbi tí mo máa lọ ni." Ó dá fóònù padà fún mi. "Ẹ bá mi kọ ọ́ sí wọn, Àǹtí. Báyìí. Kí ẹ sì fi orúkọ mi sí i."

Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ, ìka mi dúró. Ọdún méjì àti ààbọ̀ ni mo ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ obìnrin yìí. Mo ti wọn omi tó ń mu, mo ti ya ilé tó ń gbé sórí ìwé, wọ́n ti fún mi ní máàkì lórí rẹ̀. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè.

"Kí ni orúkọ yín?" mo bi í.

"Fọláṣadé," ó ní.

Mo kọ ọ́.